Àwòrán Àfijọ àti Àwòrán Àfìwọ̀nya: Èdè-Ìperí fún Iṣẹ́ Ètò-Inú-Ilé ní Àkókò Ẹ̀rọ Amáwòrán-jáde

1. Ìfáárà

Láti ọdún 2022 ni ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ fún kí ó lè máwòrán jáde ti di ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó ní fóònù lè lò. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣètò inú ilé àti ọ́fíìsì, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wọn pẹ̀lú. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí ń ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí ni pé a kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí a fi lè ya ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí oníṣẹ́ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwòrán, ni a fi ń pe èyí tí ẹ̀rọ mú jáde ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ayàwòrán-ilé fi téèpù wọn ògiri kí ó tó yà, àti fọ́tò ilé tí a ti kọ́ tán.

Ẹ̀rí ọkàn wa ni pé àìtó ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré àwọn onímọ̀ èdè. Oníbàárà tí a bá fi àwòrán hàn yóò gbà pé a ti wọn ilé òun. Káfíńtà tí a bá fún ní àwòrán yóò gé pákó. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti pààlà, owó á sọ nù níbẹ̀, nígbà mìíràn ògiri á wó. Àdúgbò méjì tí ó fara kanra ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ni a óò fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá dá lábàá nínú iṣẹ́ yìí.

2. Orúkọ iṣẹ́ náà

Àwọn kan ń pe iṣẹ́ náà ní ṣíṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Èyí kò tó. Ọ̀ṣọ́ ni ohun tí a fi kún ilé lẹ́yìn tí ilé ti pé. Iṣẹ́ tí à ń wí yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀ṣọ́ tó dé. Òun ni ó ń pinnu ibi tí ilẹ̀kùn yóò ṣí sí, ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, ibi tí àlejò yóò jókòó sí tí kò fi ní máa wo ibùsùn onílé. "Tò" ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a mu jù, a sì kọ́kọ́ ronú nípa "ìtòlé" fún iṣẹ́ náà, "atòlé" fún oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ ọwọ́ tí àwọn ìwé ìròyìn wa fi ń kọ Yorùbá, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi kọ "atòlé" báyìí, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá ẹni tí ń ṣètò ilé ni wọ́n ń sọ tàbí ọmọ tí ń tọ̀ sórí ẹní. Nítorí náà ni a ṣe yan "ètò-inú-ilé" fún iṣẹ́ náà, àti "aṣètò-inú-ilé" fún ẹni tí ń ṣe é. Wọ́n gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

3. Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ní ọdún 1921 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá. Èbúté Tin Can Island tẹ̀ lé e ní 1977. Èbúté ni ó bí àdúgbò méjèèjì. Ní Àpápá ni a kọ́ ilé sí fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba amúnisìn àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun: ọgbà gbòòrò, àjà gíga, fèrèsé púpọ̀ tí ó dojú kọ ara wọn. Ní Ajégúnlẹ̀ ni àwọn tí ń ru ẹrù ní èbúté, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn oníṣòwò kékeré tẹ̀ dó sí. Orúkọ àdúgbò náà pàápàá kò fi ọkọ̀ omi sílẹ̀: Ajé ni ó gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ti í gúnlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni gbogbo èrò ọkọ̀ ń pè ní Boundary, ẹni tí ó bá sì ti ibẹ̀ rìn lọ sí ọ̀tún tàbí sí òsì mọ̀ ní kíákíá pé ìlú méjì ni òun wà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ Àpápá ni ó ti di ọ́fíìsì lónìí. Ẹ jẹ́ kí a mú un bí àpẹẹrẹ pé ẹni tí ó gba irú ilé bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ kíkó ẹrù jáde ní èbúté ya fọ́tò pálọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí ẹ̀rọ sọ ọ́ di ọ́fíìsì ìgbàlódé. Àwòrán tí yóò jáde lè dára púpọ̀. Ògiri àárín yóò ti pòórá kí àyè lè gbòòrò; gíláàsì tí kò ṣeé ṣí yóò ti rọ́pò fèrèsé; irin dídán yóò wà lára tábìlì àti àga. Aṣètò-inú-ilé tí ó bá dé ibẹ̀ yóò fi ìka kan ògiri, yóò sì béèrè ohun tí ó wà lókè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ògiri náà ni ó gbé àjà kejì ró, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fi òòlù kàn án títí tí onímọ̀ ẹ̀rọ ilé kíkọ́ yóò fi wò ó, tí àjọ ìjọba tí ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Èkó, ìyẹn LASBCA, yóò sì fi gbọ́ sí i. (Ẹni tí ó bá rántí ilé alájà mọ́kànlélógún tí ó wó ní Ìkòyí ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ ohun tí ń gbé ilé ró jẹ́ ọ̀rọ̀ àwàdà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀ràn tibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ògiri kan.) Lẹ́yìn èyí ni yóò ronú nípa fèrèsé: bí iná ìjọba bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, ta ni yóò lè jókòó sẹ́yìn gíláàsì tí kò ṣí? Irin dídán náà ń kọ́? Afẹ́fẹ́ òkun tí ó ní iyọ̀ nínú yóò mú un dípẹtà. Bẹ́ẹ̀ ni eruku àti ariwo tírélà tí ń lọ sí èbúté, tí wọ́n ń bọ̀, kò hàn nínú àwòrán, nítorí àwòrán kò ní etí.

Ti Ajégúnlẹ̀ le ju èyí lọ, ó sì wù wá kí a dúró pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ilé tí ó wọ́pọ̀ ni èyí tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ara wọn tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la àárín wọn kọjá, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní "face-me-I-face-you". Ẹ jẹ́ kí a sọ pé yàrá kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀, àti pé télọ̀ kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ni ó ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀rọ lè gbé ibùsùn sí àárín ògiri, kí ó fi tábìlì kékeré pẹ̀lú iná sí ọ̀tún àti òsì, kí ó sì tún rí àyè fún àga gígùn ní ìsàlẹ̀. Nínú àwòrán, gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹ wá jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Ibùsùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́fà tí a bá gbé sí àárín fífẹ̀ yàrá náà yóò ṣẹ́ ẹsẹ̀ méjì péré kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tábìlì yóò gba ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ó kù láti ìsàlẹ̀ ibùsùn dé ògiri kejì. Àga gígùn yóò gba mẹ́ta nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn yóò sì gba méjì ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè ṣí. Níbo ni máṣíìnì ìránṣọ yóò wà? Níbo ni àwọn ọmọ yóò tẹ́ ẹní sí ní alẹ́?

Aṣètò-inú-ilé tí ó mọ Ajégúnlẹ̀ yóò ti ibùsùn sí kọ̀rọ̀, yóò sì gbé e sókè kí àpótí lè wọ abẹ́ rẹ̀. Yóò fi máṣíìnì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀. Yóò mọ̀ pé kọ́tíìnì tí a ta sí àárín yàrá kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ògiri ni, òun ni ó pààlà láàárín àwọn òbí àti àwọn ọmọ, láàárín ibi iṣẹ́ àti ibi oorun. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri. Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀, omi kì í jìnnà sí i, ògiri sì máa ń fa omi láti ilẹ̀ gòkè. Bí ó bá rí ilà tí omi òjò ọdún tí ó kọjá fi sílẹ̀, kò ní lẹ bébà mọ́ ògiri náà rárá, kò sì ní jẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù onípákó fi ìdí kan ilẹ̀. Bí kò bá rí ilà, yóò béèrè lọ́wọ́ ará ilé kejì. Ìbéèrè yẹn, tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, wà lára iṣẹ́ tí a ń sanwó fún.

4. Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́

A kò lè sọ nǹkan lórúkọ láìmọ ohun tí ó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ amáwòrán-jáde tí ó gbajúmọ̀ ni a kọ́ ní ọ̀nà yìí: a kó àìmọye àwòrán jọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn, a da rúdurùdu bo àwòrán náà díẹ̀díẹ̀ títí tí ohunkóhun kò fi hàn mọ́, a sì kọ́ ẹ̀rọ láti máa ṣí rúdurùdu náà kúrò ní ìpele-ìpele. Nígbà tí a bá wá fẹ́ lò ó, inú rúdurùdu lásán ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un ni yóò sì máa darí ohun tí yóò yọ jáde, bí ilé ti í yọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kùrukùru ọyẹ́ bá ń ká. (Àwọn kan ti ń túmọ̀ rúdurùdu yìí sí "ariwo" nítorí pé ariwo ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ojú ni nǹkan yìí ń bá jà, kì í ṣe etí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gba "ariwo" wọlé.)

Ohun méjì ni ó tẹ̀yìn èyí yọ. Èkínní ni pé ẹ̀rọ náà kò ní ìwọ̀n. Kò sí ẹsẹ̀ bàtà nínú rẹ̀, kò sí ìgbọ̀nwọ́. Ó mọ bí yàrá ti máa ń rí nínú àwòrán. Kò mọ bí yàrá kan ti tóbi tó. Láti ọdún 2023 ni ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní ControlNet ti jẹ́ kí a lè fi ilà fọ́tò tàbí ilà tí a fọwọ́ fà dè é mọ́lẹ̀ kí ó má baà gbé ògiri kúrò. Ó ṣe ìrànlọ́wọ́ gidi. Síbẹ̀, ìrísí ni ilà náà ń pa mọ́.

Èkejì ni ti orísun. Àkójọ LAION-5B tí ó jáde ní 2022 ní àwòrán tí ó lé ní bílíọ̀nù márùn-ún, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì wà lára bílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ nínú wọn. Nínú apá elédè Gẹ̀ẹ́sì yìí ni a ti kọ́ ẹ̀rọ Stable Diffusion, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ní iṣẹ́. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò rẹ̀ kí ó sì kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sí nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Àwọn yàrá Ajégúnlẹ̀ kì í wọ ìwé ìpolówó àga.

5. Àwòrán mélòó ni ó wà?

Ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" ti jẹ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà lógún. Babátúndé Lawal, nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 2001, so ó mọ́ wíwò àti rírántí: ohun tí a ń wò tí ó ń mú wa rántí. Ó tún tọ́ka sí ìbátan tí ó wà láàárín àwòrán àti awòran, ẹni tí ń wo ìran. Bí a bá gba èyí, a óò rí i pé ojú àti ọkàn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá lò. Kò sí ìwọ̀n nínú ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àwòrán ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí káfíńtà kò purọ́ nígbà tí ó pè é ní àwòrán; èdè ni kò fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi kìlọ̀ fún káfíńtà.

A dá a lábàá pé kí a máa pe èyí tí ẹ̀rọ mú jáde ní "àwòrán àfijọ", tàbí "àfijọ" lásán. Ohun tí a fi jọ nǹkan ni: ó jọ yàrá, kì í ṣe yàrá kankan. Kí a sì máa pe èyí tí a fi ìwọ̀n yà ní "àwòrán àfìwọ̀nya". Ọ̀nà kan náà, ìsọdorúkọ pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- lára àpólà-ìṣe tí ó ní "fi", ni a gbà ṣẹ̀dá méjèèjì, wọ́n sì lè bí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí Èdè-Ìperí Yorùbá, tí ìdìpọ̀ kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí èkejì sì jáde ní 1990 lábẹ́ àbójútó Ọládélé Awóbùlúyì, ti fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣeé fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn ni ó ń tètè wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni iṣẹ́ tiwọn dá lé. Ìlànà náà kò mọ níbẹ̀.

Ẹnì kan lè bi wá pé kí ló dé tí a kò fi lo "dá" fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí a pè é ní "adáwòrán". A yẹra fún un nítorí pé Yorùbá ń lo "dá" fún ẹni tí ó mú nǹkan wá sáyé láti inú èrò ara rẹ̀: Ẹlẹ́dàá, adárà, adáṣà. "Mú jáde" kò gbé ẹ̀rọ gẹ̀gẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn ta wá lórí "òye àtọwọ́dá" tẹ́lẹ̀, tí a fi òye fún ohun tí kò tíì hàn pé ó ní in. Ọ̀rọ̀ náà ti ta gbòǹgbò, a kò sì ní fà á tu, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tún ṣe irú rẹ̀.

Ohun tí a ń sọ fún ẹ̀rọ kí ó tó máwòrán jáde tún ń fẹ́ orúkọ. "Ọ̀rọ̀-àpèjúwe" ìbá dára, ṣùgbọ́n gírámà ti gbà á. "Ọ̀rọ̀-ìbéèrè" náà kò ṣófo. A dábàá "àsọfẹ́rọ", ohun tí a sọ fún ẹ̀rọ.

6. Ojú-ọnà àti ìfọwọ́sọ̀yà

Èyí ni ó ṣòro jù. Báwo ni a óò ti pe ohun tí aṣètò-inú-ilé lò nígbà tí ó kọ bébà ògiri sílẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, tí ó sì dá òòlù dúró ní Àpápá? Àwọn olùtumọ̀ tí ó yára yóò kọ "ìdájọ́". Ilé ẹjọ́ ni ìdájọ́ ń gbé. Ẹni méjì ni ó ń lọ bá adájọ́, kò sì sí ẹni tí ó pe ibùsùn lẹ́jọ́. "Ìpinnu" fẹ̀ jù, nítorí pé ìpinnu ni òpin nǹkan yìí, ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ sì ni à ń wá. "Làákàyè" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọlúàbí ni a retí pé kí ó ní làákàyè. Ohun tí à ń wá ni èyí tí ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ ń fún ènìyàn.

Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2014 lórí iṣẹ́ ọnà àti èdè Yorùbá, àti nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣáájú, Rowland Abíọ́dún ti jẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ ọnà wa ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́: ojú-inú, ìfarabalẹ̀, ìmọ̀jú-mọra, ìlutí, àti ojú-ọnà. Ojú-ọnà ni ojú tí oníṣẹ́ fi ń rí bí iṣẹ́ yóò ti rí kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, tí ó sì fi ń mọ ohun tí ó yẹ àti ohun tí kò yẹ. Ìlutí, tí í ṣe agbára láti gbọ́ràn, wúlò fún wa bákan náà: ẹni tí ó béèrè nípa omi lọ́wọ́ ará ilé kejì ní ìlutí. A gba "ojú-ọnà" láti dúró fún agbára yìí nínú èdè-ìperí iṣẹ́ ètò-inú-ilé. Àléébù kan wà lára rẹ̀ tí olùkọ́ gbọdọ̀ mọ̀: bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, kò yàtọ̀ sí ojú ọ̀nà tí tírélà ń gbà. Kí a máa fi àmì sí i nígbà gbogbo, kí àmì ìsopọ̀ sì máa wà láàárín rẹ̀.

Síbẹ̀ ojú-ọnà nìkan kò kárí ọ̀rọ̀ náà. Oníṣẹ́ tòótọ́ ń rí, ó sì tún ń dúró lẹ́yìn ohun tí ó rí. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá jẹrà, òun ni a óò wá. Yorùbá máa ń sọ pé ẹnì kan fọwọ́ sọ̀yà lórí nǹkan: ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní òun mọ̀ ọ́n, kí wọ́n mú òun bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. "Ìfọwọ́sọ̀yà" ni a fẹ́ kí a fi pe apá kejì yìí. Ó yàtọ̀ sí "ìfọwọ́sí" tí ó ti wà fún títọwọ́ bọ̀wé, nítorí pé ènìyàn lè tọwọ́ bọ̀wé ohun tí kò kà. Ẹ̀rọ kò ní àyà tí yóò fọwọ́ sọ. Nítorí náà, àwòrán àfijọ kì í ní ìfọwọ́sọ̀yà. Àwòrán àfìwọ̀nya ní in, tàbí kí ó ní in. A rò pé kí aṣètò-inú-ilé máa kọ "àfijọ" sí etí àwòrán bẹ́ẹ̀ kí ó tó fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, nítorí pé láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì ni àlàyé ẹnu ti máa ń já bọ́.

A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀rọ. Télọ̀ tí kò lè ṣàlàyé irú yàrá tí ó wù ú lè fi àfijọ mẹ́ta hàn, kí ó ní "èyí ni, kì í ṣe ìyẹn", oníṣẹ́ á sì mọ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ní kíákíá. Gẹ́gẹ́ bí ohun ìbéèrè, ó dára.

7. Ìdánwò àwọn ọ̀rọ̀ náà, àti ohun tí ó kù

Ọ̀rọ̀ tí káfíńtà tí ó wà ní Boundary kò bá lè pè kò ní wúlò, bí ó ti wù kí ó bá ìlànà mu tó. Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe àdúgbò Yorùbá nìkan. Ìgbò wà níbẹ̀, Ìjọ́, Ùròbò, Ìlàjẹ, Haúsá, Pijin sì ni ó so wọ́n pọ̀. "Àfijọ" kúrú, ó lè wọ inú Pijin bí "wàhálà" ti lò káàkiri. A kò ní ìrètí kan náà fún "àfìwọ̀nya". Ó ṣeé ṣe kí "àwòrán oníwọ̀n" borí rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, a kò sì ní bá wọn jà. Fún ògiri, "ògiri agbérù" àti "ògiri ìpààlà" yé bíríkìlà láìsí àlàyé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìgbìmọ̀ gbọdọ̀ jókòó lé lórí. Nígbà tí a bá ń kọ àsọfẹ́rọ, a sábà máa ń dárúkọ irú ọ̀nà tí a fẹ́ kí yàrá gbà rí: ti àtijọ́, ti òkè òkun, ti Yorùbá. Àwọn kan ń túmọ̀ èyí sí "àṣà", àwọn mìíràn sí "àrà". Bí a bá lo àṣà, ó dà bí ẹni pé ìgbé-ayé odidi ènìyàn ni ẹ̀rọ fẹ́ mú jáde, nígbà tí ó jẹ́ pé àdìrẹ lórí tìmùtìmù ni ó ní lọ́kàn. Àkòdì tí òjò ń rọ̀ sí àárín rẹ̀ ní agbo ilé àtijọ́ jẹ́ àṣà, nítorí pé ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, ń gba omi níbẹ̀, ń parí ìjà níbẹ̀. Kọ́tíìnì Ajégúnlẹ̀ náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àrà ni ohun tí a dá tí ojú rí. Ní tiwa, "àrà" ni a fara mọ́, ṣùgbọ́n "àrà" ní ìyìn nínú, ìyìn yẹn kò sì tọ́ sí gbogbo àfijọ. Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni ó yẹ kí ó sọ tiwọn lórí èyí.